Páárì Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tí Mo Jù Nù ní Greenspoint

Ògiri ló fa gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì lo oṣù méjì ní Houston nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Délé ni mo ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ní apartment kan ní Greenspoint tí ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi páálí. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́fà gbáko ká ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì ní lọ́ńdìrì òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ń ro mí, mo ní kí n sùn díẹ̀. Bí mo ṣe forí lé pílò báyìí ni mo gbọ́ gbà, gbà-gbà, gbà. Ará ilé kejì ń lu nǹkan. Mo fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dákẹ́. Mo ní ẹ̀hẹ́n, ó ti gbọ́. Àfi bó ṣe gbá ògiri náà padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí mo ṣe gbá a gan-an, ó tún wá fi tiẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe onísùúrù. Mo dìde, mi ò wá bàtà, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn bíi pé mo fẹ́ já a. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi.

Ìyá àgbà kan ló ṣí i. Wọ́n dúdú jù mí lọ. Ojú wọn jọ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó wà ní Ṣágámù débi pé mo gbàgbé ìjà. Ẹ gbọ́ o, èmi tí mo wá jà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán mà." Ìyá yẹn wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n sọ nǹkan kan, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe Haúsá. Inú tún fẹ́ bí mi, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọmọbìnrin kan tí a jọ máa jẹ́ ẹgbẹ́ yọ lẹ́yìn wọn, Rosa lorúkọ ẹ̀, ó fi òyìnbó ṣàlàyé pé màmá òun ò gbọ́ òyìnbó, Spanish ni wọ́n ń sọ, Peru làwọn ti wá. Mo ní Peru wo. Ó ní èyí tó wà ní South America. Mo ní irọ́ ni, kò sí èèyàn dúdú níbẹ̀.

Bí mo ṣe wí nìyẹn, lójú ẹni tí mi ò mọ̀ rí, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀. Rosa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àwọn ará Peru ẹlẹ́gbẹ́ àwọn gan-an máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn.

Màmá Lália, orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pe ìyá ẹ̀ nìyẹn, ti padà sídìí nǹkan tí wọ́n ń lù. Àpótí ni. Àpótí pákó lásán, ihò róbótó kan wà lẹ́yìn ẹ̀, kahón ni wọ́n ń pè é. Èèyàn máa jókòó lé e lórí, ó máa wá fi ọwọ́ méjèèjì lu iwájú ẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Wọ́n lù ú fún mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ gbá orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì nawọ́ sí mi pé kí n jókòó.

*

Ṣé ẹ rí i, nǹkan tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí kì í ṣe freeway, kì í ṣe ilé gíga. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó o tó ti ilé dé títì láàárọ̀, o ti kí ogún èèyàn, mẹ́wàá ti bi ẹ́ léèrè ìyá ẹ, ẹnì kan ti bú ẹ pé o ò kí òun dáadáa. Ní Greenspoint, mo lè jí, kí n wọ bọ́ọ̀sì, kí n ṣiṣẹ́, kí n padà wálé, ẹnu mi ò ní là rárá. Bọ̀dá Délé máa ń ti ibi iṣẹ́ ní Spring dé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkọọ́lẹ̀ fún iléeṣẹ́ epo, á ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn síwájú tẹlifísọ̀n. Èmi wá ń bá ẹ̀rọ ìfọṣọ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Ní Yorùbá o. Mo máa ń bú u tó bá jó omi. Ọ̀gá wa rò pé mo ń gbàdúrà ni, ó sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n má dí mi lọ́wọ́.

Ìlù sì ni gbogbo ara mi. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà kì í jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ìlù, ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí ni mo ti máa ń wo ọwọ́ àwọn onílù, tí mo máa ń fi ìka lù ú sórí Bíbélì mi. Mo bá ẹnì kan jà nítorí ẹ̀ nígbà kan, wọ́n fi mí jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta. Mo wá fò gba orí òkun kọjá, mo wá dé yàrá àlejò ìyá kan tí a ò gbọ́ èdè ara wa, ìyá yẹn sì dìde lórí ìjókòó ẹ̀ kí n lè lùlù. Tí mo bá rántí ẹ̀, mo máa ń dúpẹ́. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí màá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ṣáájú.

*

Bí mo ṣe di ara wọn nìyẹn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé, Màmá Lália máa ń kó ọmọbìnrin mẹ́fà jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà lẹ́yìn ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á máa kọ́ wọn ní ijó ilé bàbá wọn. Kò sí ìwé, kò sí kásẹ́ẹ̀tì. Ara wọn ni gbogbo ẹ̀ wà. Àwọn kan nínú ijó yẹn, ìbàdí ló ń jó o, òmíràn, bàtà ló ń dún bíi pé òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí mo rí i pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Rosa ní, "Fósforo, kí lo máa wá fi jó? Àtàrí?" Fósforo ni ìṣáná lédè tiwọn. Orúkọ tó sọ mí nìyẹn, nítorí pé mo máa ń tètè gbiná.

Rosa ló ń túmọ̀ ìtàn fún mi bá a ṣe ń ká àga. Ó ní ọ̀dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kó àwọn bàbá ńlá àwọn lẹ́rú lọ sí oko òwú àti oko ìrèké ní Peru. Wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ariwo ni, wọ́n ní ọ̀tẹ̀ ni. Àwọn bàbá wọn wá yí àpótí ọjà dojú dé, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n mú àpótí kékeré tí wọ́n fi ń gba owó igbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣí ìdérí ẹ̀, wọ́n ń pa á dé, ó di ìlù. Mo ní kí ni wọn ò wá lè lù. Rosa ní kò sí, màmá òun lè lu orí èmi náà tí mi ò bá ká àga yára.

Nǹkan kan wà tí Màmá Lália ń lé. Lọ́dọọdún, nínú oṣù July, àwọn ará Peru tó wà ní Houston máa ń pàdé ṣe ayẹyẹ òmìnira orílẹ̀-èdè wọn. Ijó àwọn ará orí òkè máa wà ńbẹ̀, ijó àwọn ọlọ́lá etí òkun máa wà ńbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ìyá yìí fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúdú náà jó. Wọ́n ní àyè ò sí. Ọdún yẹn ni wọ́n wá fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ìyá yìí wá ń múra sí i bíi pé ọmọ wọn ń gbéyàwó. Wọ́n ní tí àwọn ọmọ Peru tí wọ́n bí síbí ò bá fojú ara wọn rí i, tí àgbà bíi tàwọn bá kú, ó tán nìyẹn.

*

Oṣù June ni epo rọ̀bì já Bọ̀dá Délé kulẹ̀. Owó epo ti ń wálẹ̀ tipẹ́, gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn, àmọ́ àwa rò pé ti àwọn òyìnbó ni. Ọjọ́ Ajé kan, wọ́n pe Bọ̀dá sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Wọ́n wálé ní ọ̀sán gangan, wọ́n jókòó sínú mọ́tò fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó wọlé. Mo ń wò wọ́n láti ojú wíńdò. Mi ò mọ nǹkan tí mo máa ṣe.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti òkè ilé Màmá Lália. Wọ́n gbé àpò ńlá méjì wá sọ́dọ̀ wa pé ká bá àwọn tọ́jú ẹ̀ kó má rin, wọ́n sì lọ sẹ́nu iṣẹ́. Bọ̀dá ti jáde lọ wáṣẹ́. Èmi nìkan ló wà nílé. Àpò kan, yẹ̀rì oníjó ló wà nínú ẹ̀. Èkejì ń rùn. Èmi kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ òórùn ọtí líle ni, Bọ̀dá mi ò sì fẹ́ ọtí nínú ilé. Mo ṣí i. Aṣọ pupa ni mo bá ńbẹ̀, wọ́n wé e mọ́ nǹkan kan. Mo tú aṣọ yẹn. Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹranko, odindi, eyín tò sínú ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ríbọ́ọ̀nù pupa lórí ẹ̀, wọ́n sì ti fi ọtí wẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe gbé e, gbogbo eyín yẹn gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ó ní kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀.

Mo jù ú sílẹ̀, mo ké pe Jésù.

Ẹ fi ara yín sípò mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi: aṣọ pupa, egungun, ọtí, tó o bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, má bi ẹnikẹ́ni, sá. Mo sì ronú pé ẹ̀yìn ògiri tí Bọ̀dá ń gbórí sí gan-an ni nǹkan yìí ti wà láti ọjọ́ yìí. Abájọ tí iṣẹ́ wọn fi bọ́. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ gbọ́ mọ́. Mo tan àbẹ́là, mo ka Sáàmù karùndínlógójì, mo wọ́n omi àdúrà sí i, mo wọ ìbọ̀wọ́ tí a fi ń fọ abọ́, mo gbé e lọ síta, mo jù ú sínú agbada ìdọ̀tí ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn dáadáa. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, mo ní ògo ni fún Olúwa.

Nígbà tí Màmá Lália àti Rosa dé láti ẹnu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo lọ bá wọn. Mi ò fara pamọ́. Mo ní kí Rosa sọ fún màmá ẹ̀ pé mo ti rí nǹkan tó wà nínú àpò, mo ti bá wọn jù ú nù, ilé àwa méjèèjì ti mọ́. Mo retí pé wọ́n á bú mi, mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Rosa ò túmọ̀ ẹ̀. Ó ń wò mí. Ó ní, "Sọ pé eré lò ń ṣe." Mo ní èmi kì í fi ti Ọlọ́run ṣeré.

Ó wá túmọ̀ ẹ̀.

Màmá Lália ò pariwo. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ ṣì wà lára wọn, wọ́n lọ sídìí agbada yẹn. Ó ṣófo. Wọ́n na ọwọ́ wọ inú ẹ̀, wọ́n fi kan ìsàlẹ̀, bíi pé ojú nìkan ò tó wọn. Nígbà tí wọ́n gòkè padà, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, Rosa sì sọ ọ́ fún mi láìwo ojú mi.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Wọ́n ń lù ú ni. Èèyàn máa di ẹnu ẹ̀ mú, á fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ìdí ẹ̀, gbogbo eyín á máa gbọ̀n nínú ihò ẹ̀, ìlù ni. Ọtí yẹn, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ni. Aṣọ pupa yẹn, aṣọ ijó tó ti gbó ni. Kihada ni wọ́n ń pè é, kì í jáde tí kì í bá ṣe ọjọ́ ijó gan-an, ìdí tí mi ò fi rí i rí nìyẹn. Bàbá bàbá Màmá Lália ló ni ín, ní oko òwú tó ti ṣiṣẹ́. Rosa wá sọ èyí tó kẹ́yìn: "Màmá mi ní àlùfáà oko yẹn náà sọ ọ́ fún bàbá bàbá àwọn. Ó ní ti Èṣù ni, kó jù ú nù. Wọ́n ní àlùfáà yẹn náà, aṣọ funfun ló wọ̀."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, Rosa sọ fún mi níta pé màmá òun ti ní kí òun sọ fún àwọn tó ń ṣètò July pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

*

Oṣooṣù, lẹ́yìn ìsìn Sunday, ìyá mi máa ń lọ dúró sídìí fóònù nílé lọ́yà tó wà ní àdúgbò wa, èmi á wá pè. Ọ̀sán nilé, àárọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ọ́. Àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn báyìí, mo sọ gbogbo ẹ̀, mo sì ń gbèjà ara mi. Mo ní Màámi, aṣọ pupa ni, egungun ni. Fóònù yẹn ń dún ṣàà.

Ìyá mi ní, "Ṣé o bi wọ́n léèrè kó o tó jù ú nù?"

Mo ní rárá.

Wọ́n ní, "Ṣé o rántí agogo wa?"

Mi ò rántí. Wọ́n wá rán mi létí pé nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, àwọn ẹbí bàbá mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọ yàrá wa, wọ́n kó àbẹ́là, omi àdúrà àti agogo, wọ́n dà á sí kòtò, wọ́n ní oògùn ni ìyá mi ń kó wọlé. Mo jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ní mo sunkún agogo yẹn títí ojú mi fi wú, mo sì bu ẹnì kan jẹ. Mo gbọ́ tí lọ́yà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Lọ wá òmíràn fún ìyá yẹn. Má padà pè mí tó ò bá tíì rí i." Ni fóònù bá já.

*

Mo kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá Lália. Ó pẹ́ tí mo fi wà ńbẹ̀. Rosa ló jáde, ó ní, "Dìde, Fósforo, ẹnì kan máa pe ọlọ́pàá." Màmá ẹ̀ ò jáde.

Ibo lèèyàn ti ń rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Houston? Mo bi gbogbo lọ́ńdìrì. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Obìnrin dúdú ará Texas kan tí a jọ ń ká ṣíìtì ló wá ní àbúrò ìyá òun ní oko màlúù ní Rosenberg, ó sì máa ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sáàárín màlúù nítorí àwọn ajá igbó. Mo lọ bá Bọ̀dá Délé. Wọ́n wà lórí àga nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti wà láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé mi dé Rosenberg. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Màámi rán ọmọ wọn wá sí Amẹ́ríkà, ó ń wá òkú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri." Àmọ́ wọ́n dìde, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Bàbá olóko yẹn ti dàgbà, dúdú ni òun náà, ó wọ fìlà ńlá. Mo fi òyìnbó mi tó ń kọsẹ̀ ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àwọn Fílístínì mélòó lo fẹ́ pa?"

Bọ̀dá Délé bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́. Wọ́n di ara mọ́tò mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú wọn. Ojú ti èmi. Àwọn Onídàájọ́, orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Èmi tí mo gba ẹ̀bùn ní Sunday School lórí Sámúsìnì! Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà nínú Bíbélì tí mo fi ń lùlù láti kékeré, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló jẹ́ kí Sámúsìnì rí i, èmi wá gbé ti Màmá Lália, mo ka Sáàmù lé e lórí.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ti kú sẹ́yìn oko yẹn láti ọdún tó kọjá, lábẹ́ igi kan. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán, egungun ẹ̀ funfun nini. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo bú ara mi. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di apá kan mú, èmi di apá kejì.

*

Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà Màmá Lália, mo kanlẹ̀kùn, mo sá wọlé. Bí ọmọdé. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, Rosa wá, ó ní màmá òun ní kí n gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó tóbi jù lọ wá, kí n sì mọ̀ pé mi ò ní fi se ọbẹ̀ mọ́.

A sè é. Gbogbo ilé olókè náà rùn, ọ̀gá tó ń gba rẹ́ǹtì wá bèèrè ohun tí a ń sè, Rosa ní oúnjẹ ìbílẹ̀ ni, ó sì bi í bóyá ó máa jẹ. Ó lọ. Nígbà tó tutù, Màmá Lália fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a. Ó dún bí ìgbà téèyàn bá gbá tábìlì. Eyín ẹ̀ ò mì. Mo rò pé ó tán, mo ti fẹ́ lọ gbé hámà. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti ọjọ́ náà. Rosa rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Texas ni, kò tíì gbọ́ Spanish, ẹ fún un láàyè.

Orí mọ́tò Bọ̀dá Délé la ti sá a. Ẹ mọ oòrùn Houston lóṣù July. Gbogbo ọ̀sán, Bọ̀dá máa gbé àga síta, wọ́n á jókòó ṣọ́ ọ nítorí ajá, wọ́n á máa kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ lórí itan. Lálẹ́, Màmá Lália á da ọtí sídìí eyín kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbọ́ tí Bọ̀dá ń pe orúkọ mi láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ti gbá a. Ó ní kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀.

Rosa sáré lọ pe àwọn tó ń ṣètò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣì wà ńlẹ̀. Màmá Lália gbé kihada lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ẹni tó sọ ọ́ nù ló máa gbé e.

*

Jímù ilé ìwé kan ni ayẹyẹ náà ti wáyé. Nígbà tí wọ́n pe àwa, ariwo àwọn èèyàn lọ sílẹ̀, mo rí àwọn kan tó ń sọ̀rọ̀ sétí ara wọn. Màmá Lália jókòó lórí kahón, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Rosa àtàwọn ọmọ jáde. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo di ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mú. Mo ń gbá a jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ọ̀gá. Kò dún dénú gbọ̀ngàn. Màmá Lália yíjú sí mi, ọwọ́ wọn ò dúró. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n sọ, mo sì ti gbọ́ èyí dáadáa lédè wọn nítorí gbogbo ìgbà ni Rosa ń fi ń bú mi.

"Bínú."

Mo gbá a. Mo gbá a nítorí lọ́ńdìrì, nítorí Bọ̀dá nínú mọ́tò, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó pariwo dé òkè páànù. Bàbá dúdú kan tó ti jókòó lẹ́yìn láti àárọ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dìde, ó ń fi bàtà lu ilẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ sáré jáde láti ìjókòó wá dúró níwájú. Ibẹ̀ ni eyín kan ti fò jáde. Ó fò gba iwájú mi, ó bọ́ sáàárín àwọn oníjó. Ẹ̀rù bà mí. Rosa gba ìdí kahón lọ́wọ́ màmá ẹ̀, Màmá Lália wọ àárín, wọ́n jó yípo, ìbàdí wọn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi bíi pé ara ijó ni, wọ́n dé ilẹ̀, wọ́n mú eyín, wọ́n fi há gèlè, wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún. Wọn ò jẹ́ ká lọ.

*

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé mo ti di ará Houston. Ìdáhùn mi máa ń bí wọn nínú, nítorí mo máa ń ní kí ni wọ́n ń pè ní ará. Ìyá kan, wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ àwọn bàbá ńlá ẹ̀, wọ́n gba èdè, wọ́n gba orúkọ. Ẹsẹ̀ wọn ló kù, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. Èmi fi pásípọ́ọ̀tù wọ ọkọ̀ òfuurufú, orúkọ mi wà lára mi, ìyá mi wà lórí fóònù, mo sì ń sunkún pé mo dá wà. Mo dúpẹ́ pé inú bí mi sí ògiri lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì ayẹyẹ, mo lọ bẹ Màmá Lália nítorí eyín. Mo ní a lè fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní rárá. Rosa ní kihada ti tẹ́lẹ̀, eyín mẹ́ta ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí, nílé tiwọn, tí eyín ẹ̀ bá bọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń rì í mọ́. Níbi téèyàn ń gbé gan-an. Wọ́n ní èyí ni àkọ́kọ́ tó máa bọ́ síbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ aláṣọ funfun bíi tèmi, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kéèyàn ri nǹkan mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ èmi náà ni mo lọ mú ṣíbí ọbẹ̀. Ìdí àtẹ̀gùn tó wọ ilé wa àti ilé wọn, ibi tí koríko ò hù sí, ibẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Màmá Lália dúró, eyín wà lọ́wọ́ wọn. Bọ̀dá Délé jáde, wọ́n rí wa.

Wọ́n ní, "Kí lẹ ń rì mọ́ ẹnu ọ̀nà mi?"

Mo ní, "Eyín kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, sà. Tiwa ni."

Wọ́n wo Màmá Lália, wọ́n wo ihò. Mo ń retí pé wọ́n á ké pe orúkọ Jésù. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kò tíì jìn tó, òjò ìlú yìí máa wú u jáde.